Rédà Dìtẹ́kítọ̀ Wo Ni Kẹ́ Ẹ Rà? Cobra, Uniden, Escort, Valentine, àbí Kẹ́ Ẹ Kúkú Máa Lo Waze Lọ́fẹ̀ẹ́

Rédà dìtẹ́kítọ̀ ni ẹ̀rọ kékeré téèyàn ń gbé sínú mọ́tò kó lè kìlọ̀ pé rédà tí ọlọ́pàá fi ń wọn eré wà nítòsí. Ọ̀kan wà tí wọ́n ń tà ní nǹkan bí $150, òmíràn ń lọ sí $800, àwọn méjèèjì á kàn máa ké "bíìpù bíìpù" tí rédà ọlọ́pàá bá ti bà wọ́n, kí wá ni iṣẹ́ tí $650 tó wà láàárín yẹn ń ṣe gan-an? Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ àwa tá a wà ní Houston, Atlanta, Maryland ló ń bi ara wọn ní ìbéèrè yìí. Ìdáhùn tèmi ò gùn: etí kọ́ lẹ fẹ́ fi owó yẹn rà, ẹnu tó mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́ ni. Dìtẹ́kítọ̀ òde òní tí kì í gbọ́ rédà rárá ṣọ̀wọ́n. Èyí tó ń pariwo níwájú gbogbo Walmart àti Walgreens ló pọ̀, ajá tó ń gbó ẹni gbogbo sì rèé, kò sẹ́ni tó máa jáde wá wo ohun tó ń gbó lọ́jọ́ tí olè bá dé. Kò ní pẹ́ tẹ́ ẹ máa pa ohùn ẹ̀, tẹ́ ẹ máa yọ ọ́ kúrò lára gíláàsì, ó di inú àpótí ìgbàgbé.

Mi ò ní wàásù nípa eré sísá o. Ẹni tó ń sá 100 máìlì láàárín wákàtí lórí I-45 torí kò fẹ́ pẹ́ dé àríyá Dallas, kò sí dìtẹ́kítọ̀ tó fẹ́ gbà á. Ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀ ni nọ́ọ̀sì tó ń ti iṣẹ́ òru bọ̀, ẹni tó ń ṣe Uber, ẹni tí òwàḿbẹ̀ ń gbé káàkiri ìpínlẹ̀ ní gbogbo Sátidé, tó ń sá 79 níbi tí wọ́n kọ 75 sí tó wá ṣàdédé wọ ìlú kékeré kan tí 75 ti di 55 tí 55 ti di 45 kó tó ṣẹ́jú, tí ọlọ́pàá sì ti jókòó sẹ́yìn pátákó níbẹ̀ látàárọ̀. Ní Georgia, tí wọ́n bá mú yín ní 85 lórí ọ̀nà èyíkéyìí, tàbí 75 lórí ọ̀nà oníléènì méjì, ìpínlẹ̀ á tún fi $200 lé fáìnì tí kóòtù ti kọ́kọ́ bù fún yín, Super Speeder ni wọ́n ń pè é. Ní Texas, ẹ ṣì lè lọ ṣe kíláàsì defensive driving kí wọ́n fagi lé tíkẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ti fi 25 ju ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀, ilẹ̀kùn yẹn ti pa. Ká má tíì sọ ti ìnṣọ́ránsì tó máa gùn yín lẹ́yìn náà.

Ibi tẹ́ ẹ ń gbé ló ṣáájú owó

Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ló gbà kẹ́ ẹ lò ó nínú mọ́tò ara yín. Virginia ò gbà. Washington DC náà ò gbà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Bowie, Hyattsville, Laurel, tiyín ló le jù, torí Maryland gbà á lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ ò ní rìn jìnnà kẹ́ ẹ tó bá ara yín lórí afárá Woodrow Wilson, ẹ ti bọ́ sí Virginia nìyẹn, ẹ̀rọ yẹn ṣì wà lára gíláàsì tó ń tan iná pupa. Ní Virginia, wọn ò ní láti fi hàn pé ẹ ń lò ó lọ́wọ́, bó ṣe wà nínú mọ́tò yẹn gan-an ti tó láti fi kà á sí yín lọ́rùn. Ẹni tó bá ń kọjá lọ North Carolina, kó yọ wáyà ẹ̀, kó gbé e sí búùtù níbi tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni ò ti lè tó o. Virginia yìí kan náà ni tẹ́ ẹ bá sá kọjá 85, tàbí tẹ́ ẹ fi 20 kọjá ohun tí wọ́n kọ, wọ́n á pè é ní reckless driving (ìwakùwà), ẹ̀sùn ọ̀daràn sì ni, ó lè dé ẹ̀wọ̀n ọdún kan àti fáìnì $2,500. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra níbẹ̀.

Kẹ́ ẹ wá wo Maryland fúnra ẹ̀: kámẹ́rà ló kún ibẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ilé ìwé àti ibi tí wọ́n ti ń ṣe títì, tẹ́ ẹ bá ti fi 12 ju ìwọ̀n lọ, lẹ́tà ń bọ̀ wálé. DC náà, kámẹ́rà wà káàkiri. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà kì í ṣí kúrò lójú kan, áàpù ọ̀fẹ́ mọ ibi tí wọ́n wà. Tó bá jẹ́ PG County (Prince George's) ní Maryland yìí ni mò ń gbé mi ò ní ra dìtẹ́kítọ̀ kankan, kí ni mo fẹ́ fi ohun tí mo máa yọ sí búùtù lójoojúmọ́ ṣe? Texas ni ìdàkejì, wọ́n fòfin lé kámẹ́rà iná pupa kúrò ní 2019, ẹran ara àti ẹ̀jẹ̀ ló ń dúró dè yín lẹ́bàá títì pẹ̀lú ìbọn rédà lọ́wọ́, ibẹ̀ ni dìtẹ́kítọ̀ ti máa ń jẹ owó tẹ́ ẹ fi rà á.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wa tírélà, ọ̀rọ̀ yìí ò kàn yín. Òfin ìjọba àpapọ̀ ò fàyè gba dìtẹ́kítọ̀ nínú mọ́tò ìṣòwò tó bá ti wúwo ju 10,000 pọ́ùn lọ, ìpínlẹ̀ yòówù kẹ́ ẹ wà. Èyí tí àwọn èèyàn kì í mọ̀ ni pé box truck ẹsẹ̀ bàtà 26 tí wọ́n fi ń kó ẹrù láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn wà nínú ẹ̀, bí ò tilẹ̀ gba CDL, ìyẹn láísẹ́ǹsì ọkọ̀ ńlá. Camry tẹ́ ẹ fi ń ṣe Uber ò sí nínú ẹ̀, ẹ fọkàn balẹ̀. California àti Minnesota gbà á, àmọ́ wọ́n ní òfin lórí ohun téèyàn ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì iwájú, ẹ gbé e sórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Canada: ẹ̀yin ará Calgary àti Edmonton, Alberta gbà yín láàyè, ẹ̀yin ará Brampton, Ontario ò gbà, ọlọ́pàá lè gbà á kúrò lọ́wọ́ yín kẹ́ ẹ tún sanwó lé e. Jammer tó ń da rédà rú ní tiẹ̀, FCC, àjọ tó ń bójú tó ìgbì rédíò ní Amẹ́ríkà, ò gbà á níbikíbi níbẹ̀, kò sí nínú àfiwé yìí.

Ohun tí ẹ̀rọ yìí ń gbọ́

Ìbọn rédà ọlọ́pàá ń ju ìgbì jáde, ìgbì yẹn á kọlu mọ́tò yín á sì padà, ìyàtọ̀ tó bá wà láàárín èyí tó lọ àti èyí tó bọ̀ ló fi ń mọ eré yín. Ọlọ́pàá nílò kí ìgbì yẹn lọ kó sì bọ̀, dìtẹ́kítọ̀ tiyín ò nílò ju àlọ lọ, ìdí nìyẹn tó fi lè gbọ́ ọ ní máìlì kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà tó tẹ́jú nígbà tí eré yín ò tíì hàn lójú ìbọn tọ̀hún.

Báǹdì mẹ́ta, ìyẹn ìpele ìgbì tí rédà ń lò, ló wà. X wà ní 10.525 GHz, ó ti darúgbó, ọlọ́pàá tó ṣì ń lò ó ò pọ̀ mọ́, ilẹ̀kùn sítọ́ọ̀ tó ń ṣí fúnra ẹ̀ ló kù síbẹ̀. Ka bẹ̀rẹ̀ láti 33.4 dé 36.0, ọlọ́pàá ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dá nìkan gbé ibẹ̀, nọ́ńbà mẹ́ta sì ni kẹ́ ẹ mọ̀ lórí: 33.8, 34.7 àti 35.5. 34.7 yẹn ni ti Stalker, ìbọn tí wọ́n ń ṣe ní Texas níbí, 35.5 ni ti Kustom Signals tó wà ní Kansas. Tí dìtẹ́kítọ̀ bá ké Ka tó sì kọ 34.7 sójú, ẹ má bi í ní ìbéèrè, ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí gáàsì. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún èèyàn pé kí wọ́n wò ó dáadáa bóyá èyí tí wọ́n fẹ́ rà ń kọ nọ́ńbà sójú, tàbí ó kàn ń kọ "Ka" lásán.

K ló jókòó sáàárín, 24.150 GHz, ibẹ̀ sì ni gbogbo wàhálà wà. Ọlọ́pàá ṣì ń lo K. Ilẹ̀kùn CVS náà ń lo K. Pátákó tó ń kọ eré yín sójú yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwé, K. Èyí tó wá burú jù ni àwọn mọ́tò tó ní ẹ̀rọ tó ń wo ẹ̀gbẹ́ fún awakọ̀, èyí tó máa ń tan iná sára dígí ẹ̀gbẹ́ tí mọ́tò mìíràn bá wà níbi tójú ò tó. Ọ̀pọ̀ Honda, Acura, Mazda àti àwọn mọ́tò GM kan ń ju K káàkiri torí ẹ̀, ẹ̀rọ yín á máa ké, ẹ̀yin á máa wá ọlọ́pàá, Honda CR-V ló wà níwájú yín tó ń lọ jẹ́ẹ́. Àwọn mọ́tò tuntun kan ti kó lọ sí 77 GHz tí dìtẹ́kítọ̀ kì í gbọ́, ṣùgbọ́n àwọn àtijọ́ ṣì kún ojú títì, wọ́n á sì wà níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Dìtẹ́kítọ̀ tó lè dá CR-V mọ̀ yàtọ̀ sí ọlọ́pàá, tó sì lè ṣe é láìfi àkókò ṣòfò, òun ló ń gbówó.

Kò tán síbẹ̀. Ọlọ́pàá tó gbọ́n kì í tan rédà ẹ̀ sílẹ̀. Á fi í sí ìdúró, á ní kẹ́ ẹ súnmọ́ ọn, á wá tẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan lẹ wà lójú ọ̀nà, kí dìtẹ́kítọ̀ tó ké ó ti rí nọ́ńbà yín. Ohun tó ń gbà yín níbẹ̀ ni mọ́tò tó wà níwájú: ọlọ́pàá á tẹ ẹ́ fún tiẹ̀, ìgbì yẹn á ta dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ̀rọ yín á ké fún ìṣẹ́jú àáyá kan péré á sì dákẹ́. Ìgbe kúkúrú yẹn ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ìgbe tó máa ń ké, ẹ̀rọ tí etí ẹ̀ ò jìnnà ò sì ní gbọ́ ọ. Ibí ni $400 ti fi $150 sílẹ̀.

Lésà, tí àwọn ọlọ́pàá kan fi ń wọn eré dípò rédà, ẹ jẹ́ ká má tan ara wa. Ìmọ́lẹ̀ tó tín-ín-rín ni, ní ẹgbẹ̀rún ẹsẹ̀ bàtà fífẹ̀ ẹ̀ ò ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lọ, ọlọ́pàá á fi ojú wọ̀n ọ́n sára nọ́ńbà mọ́tò yín, ó parí. Tí dìtẹ́kítọ̀ bá ké "Laser", ohun tó ń sọ fún yín ni pé wọ́n ti mú yín. Gbogbo wọn ló kọ ọ́ sára páálí pé àwọn ń gbọ́ lésà, kò sí èyí tí mo lè torí lésà sọ pé kẹ́ ẹ rà.

Waze ńkọ́?

Waze, áàpù ojú ọ̀nà tí Google rà ní 2013, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín, Google Maps àti Apple Maps náà ti ń fi ibi tí ọlọ́pàá wà hàn. Ohun tó dùn nínú ẹ̀ ni pé kò bìkítà bóyá rédà ni àbí lésà ni àbí ọlọ́pàá yẹn kàn jókòó tó ń jẹ dónọ́ọ̀tì, tí awakọ̀ kan bá ti rí i tó sì tẹ fóònù, ẹ̀yin náà ti rí i. Lórí I-10 ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, lórí I-285 ní Atlanta, lórí I-95, Waze lè ju dìtẹ́kítọ̀ $800 lọ, mo sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọjá níbẹ̀. Ní aago méjì òru lórí US-290, ẹ̀yin nìkan ni awakọ̀ tó wà níbẹ̀, ta ló fẹ́ sọ fún yín? Ọlọ́pàá sì lè ti kúrò níbi tí Waze ṣì ń sọ pé ó wà, tàbí kó máa rìn bọ̀ wá bá yín látòdìkejì tó ń fi rédà wọn gbogbo mọ́tò tó bá kọjá, Waze ò lè tẹ̀ lé ìyẹn. Nítorí náà, ẹni tó jẹ́ pé inú ìlú ló ń rìn jù, ọ̀sán ló ń rìn, Waze nìkan ti tó o, ẹ fi $400 yẹn ra táyà. Ẹni tó ń rìn lóru, tó ń rìn ìgbèríko, tó ń ti ìlú bọ́ sí ìlú, méjèèjì ló máa lò.

Cobra RAD 480i lápá kan, Uniden R3 àti R4 lápá kejì

Lórí Amazon, gbogbo wọn jọ ara wọn, dúdú kékeré báyìí, ìràwọ̀ mẹ́rin àti ààbọ̀. Cobra yẹn wà láàárín $150 sí $180. Uniden R3 wà ní nǹkan bí $300, R4 tó jẹ́ tuntun jù ú lọ súnmọ́ $400. Cobra ní Bluetooth, ó ń bá áàpù Drive Smarter tó wà lórí fóònù ṣiṣẹ́, ẹni tí kò rà á rí á lò ó á ní ó dáa. Ohun tí kò ní ni GPS nínú ara ẹ̀.

Ẹ lè rò pé GPS wà fún ọ̀nà wíwá, nínú dìtẹ́kítọ̀ iṣẹ́ ẹ̀ yàtọ̀. Iṣẹ́ kìíní: ó mọ eré tẹ́ ẹ ń sá. Ẹ lè sọ fún R3 tàbí R4 pé tí mi ò bá tíì kọjá 30, dákẹ́, á sì dákẹ́ ní gbogbo ibi páàkì Costco tẹ́ ẹ bá ti ń yí kiri. Iṣẹ́ kejì: ó mọ ibi tẹ́ ẹ wà. Sítọ́ọ̀ HEB tó wà ní kọ́nà yín tí ilẹ̀kùn ẹ̀ ń ju K lójoojúmọ́, ẹ tẹ bọ́tìnì níbẹ̀, kò ní ké fún ilẹ̀kùn yẹn mọ́. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọ̀nà iṣẹ́ yín á ti pa rọ́rọ́, ọjọ́ tó bá wá ké lójú ọ̀nà yẹn ẹ máa dá a lóhùn. Ó sì tún mọ ibi tí ọ̀pọ̀ kámẹ́rà wà.

Tẹ́ ẹ bá ní $150 nìkan, mi ò ní sọ pé kẹ́ ẹ ra Cobra, màá ní kẹ́ ẹ lo Waze kẹ́ ẹ fi $150 yẹn pamọ́ títí á fi di $300. Mo mọ̀ pé àwọn kan ò ní gbà. R3 tàbí R4? R4 ń tètè dáhùn ju R3 lọ, etí ẹ̀ jìnnà sí i, ó sì mọ àwọn CR-V yẹn jù. Tí R3 bá wà ní sale, tí ìyàtọ̀ wọn bá ju $100 lọ, ẹ mú R3, kò ní já yín kulẹ̀ lójú ọ̀nà gbọọrọ. Tí kò bá tó bẹ́ẹ̀, R4. Òun ni mò ń lò.

Ọfà tàbí kò sí ọfà

Láti ibí lọ sókè, ohun tẹ́ ẹ ń rà ni ọfà. R3 àti R4 ní ańténà kan ṣoṣo, wọ́n á ké, wọ́n á sọ bó ṣe le tó, wọn ò lè sọ bóyá iwájú ni ọlọ́pàá wà àbí ẹ̀yìn. Uniden R8 tó jẹ́ nǹkan bí $600, Escort MAX 360c MKII tí wọ́n kọ $700 sí, àti Valentine One Gen2 ní ańténà méjì, ọ̀kan ń wo iwájú ọ̀kan ń wo ẹ̀yìn, ọfà á máa fi hàn yín.

Mike Valentine ló mú ọfà wọlé ní 1992 pẹ̀lú Valentine One (V1) àkọ́kọ́. Bàbá yẹn kan náà wà lára àwọn tó dá Escort sílẹ̀ ní 1978 ní Cincinnati, ó kúrò níbẹ̀ lọ dá tiẹ̀ ṣe, títí di òní àwọn olólùfẹ́ Escort àti olólùfẹ́ V1 ò lè jókòó pọ̀ sórí tábìlì kan, bí Ìbàdàn àti Ìjẹ̀bú tí wọ́n ń jiyàn ọbẹ̀.

Ṣé ọfà wúlò? Fún èmi, inú ìlú ló ti wúlò jù. Ẹ ń lọ, Ka ké, ọfà ń tọ́ka iwájú, ẹ dín eré kù, ọfà bọ́ sí ẹ̀gbẹ́, ó bọ́ sẹ́yìn, òdìkejì ló wà, ó ti kọjá, ẹ máa bá tiyín lọ. Ẹni tí kò ní ọfà á ṣì máa wa 60 fún máìlì méjì lẹ́yìn tí ọlọ́pàá ti kọjá, torí kò mọ̀ bóyá ó ṣì ń bọ̀ níwájú. Ẹ̀yìn náà wà ńbẹ̀: ọlọ́pàá tó ń tẹ̀ lé yín tó tan rédà, ọfà nìkan ló máa sọ fún yín pé kẹ́ ẹ wo dígí. Lójú ọ̀nà Houston sí San Antonio tó gùn tó tẹ́jú, ká sòótọ́, ẹ ò fi bẹ́ẹ̀ nílò ẹ̀, ohun tó bá ké ibẹ̀, ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò, ó tán.

Kẹ́ ẹ wá fi àwọn mẹ́ta yẹn wé ara wọn. Escort jẹ́ ti ẹni tí kò fẹ́ tẹ nǹkan kan. Ó ń kọ́ ọ̀nà fúnra ẹ̀: tẹ́ ẹ bá ti gba ibì kan kọjá léraléra tí ìgbe kan náà ń wá láti ibẹ̀, á gbà pé ilẹ̀kùn sítọ́ọ̀ ni, á pa á rẹ́ láìbéèrè. Ó ní GPS, Bluetooth, Wi-Fi, ó dákẹ́ jù wọ́n lọ nínú ìlú tí mọ́tò kún, bí ẹni pé nǹkan kan ò sí nínú mọ́tò. Tó bá jẹ́ pé mọ́mì tàbí dádì yín lẹ fẹ́ rà á fún, tí ẹ ò fẹ́ kí wọ́n máa pè yín lóru pé "kí ni èyí ń wí?", Escort ni.

Uniden R8 ní etí tó jìnnà ju Escort yẹn lọ, owó ẹ̀ kéré jù ú, àpídéètì ń wá fún un látorí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n menu ẹ̀ pọ̀, ọjọ́ àkọ́kọ́ ẹ máa jókòó tì í. Ẹni tó bá fara balẹ̀ tò ó, owó ẹ̀ ò ní dùn ún.

Valentine One Gen2: iwájú ẹ̀ kéré, kò sí àwòrán, ọfà rẹ̀ ló dáa jù nínú gbogbo wọn lójú tèmi, ó tún ń ka iye rédà tó ń gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyẹn wúlò o: tí ẹ bá ti mọ̀ pé Walgreens iwájú yẹn máa ń fi 1 hàn, tó wá di 2 lónìí, ẹnì kan ti lọ sápamọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Walgreens nìyẹn. Àbùkù ẹ̀ ni pé kò ní GPS nínú ara ẹ̀ rárá. Fóònù yín ló gbọ́dọ̀ yá a, pẹ̀lú áàpù bíi JBV1, tẹ́ ẹ bá gbàgbé fóònù sílé ó padà sí aláriwo. Ilé iṣẹ́ yẹn fúnra wọn lẹ sì máa rà á lọ́wọ́ ẹ̀, kì í ṣe ohun tẹ́ ẹ máa rí lórí sẹ́ẹ̀fù Best Buy. Ẹni tó fẹ́ràn kó máa tún áàpù tò, tó ń ka fóòrọ̀mù di aago kan òru, òun ni V1 yẹ. Èmi ò ní sùúrù ẹ̀.

Escort Redline 360c ló wà ní $800. Etí ẹ̀ jìnnà gan-an. Fún ìrìn ojoojúmọ́ mi ò rí ohun tó fẹ́ ṣe fún yín tí R8 ò ní ṣe, àyàfi tẹ́ ẹ bá ń gbé àárín aṣálẹ̀.

London, àti ilé

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Peckham tàbí Manchester, dìtẹ́kítọ̀ ò lòdì sófin ní UK, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó máa ṣe fún yín ò pọ̀. Kámẹ́rà average speed tó wà lórí mótọ̀wéè nọ́ńbà mọ́tò yín ló ń kà ní ibi méjì tó ń ṣírò àkókò, kò sí rédà nínú ẹ̀. Váànù tó ń dúró lórí afárá, lésà ló ń lò. Kámẹ́rà Gatso ló ń lo rédà, Waze sì ti mọ ibi tí ọ̀pọ̀ wọn wà. Tẹ́ ẹ bá ń wa mọ́tò lọ France, ẹ má gbé e dání, wọ́n á gbà á, fáìnì ẹ̀ sì lè dé €1,500.

Ẹni tó bá fẹ́ fi ránṣẹ́ sí Nàìjíríà, kí lẹ fẹ́ kó máa gbọ́? Road Safety ní rédà lóòótọ́, ṣùgbọ́n lórí Èkó sí Ìbàdàn, awakọ̀ tó ń bọ̀ látòdìkejì tó ń ṣẹ́ iná sí yín ni Waze wa látọjọ́ tó ti pẹ́, kọ́bọ̀ kan ò sì jáde lápò.

Bẹ́ ẹ ṣe máa gbé e kọ́

Ibi tó ti lè rí ojú ọ̀nà níwájú àti lẹ́yìn ni kẹ́ ẹ gbé e sí, kí wáípà má wà níwájú ẹ̀. Gíláàsì tó ní tíǹtì onírin tàbí wáyà tó ń gbóná nínú máa ń dí i létí, ẹ wá ibi tí kò sí. Ní oòrùn Texas, rọ́bà tó ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì yẹn á já bọ́, á sì já bọ́ ní àárín ọ̀nà, tẹ́ ẹ bá lè ra ìdúró tó ń lẹ̀ gbọin tàbí èyí tó ń kọ́ sára dígí àárín, ẹ rà á. Wáyà tó ń bọ́ sínú ihò ṣájà wà nínú páálí, ṣùgbọ́n ẹni tí ojú ẹ̀ kò fẹ́ kí wáyà máa lọ́ kiri lè ní kí mẹkáníìkì so ó mọ́ àpótí fíùsì, iṣẹ́ kékeré ni. Àwọn ọmọ tó ń fọ́ gíláàsì ní Houston àti Atlanta mọ ohun tí $600 jọ o. Tẹ́ ẹ bá páàkì, ẹ yọ ọ́, kẹ́ ẹ tún nu àmì róbótó tí rọ́bà yẹn fi sára gíláàsì, torí àmì yẹn ló ń sọ fún wọn pé ó wà nínú mọ́tò.

Tó bá dé, ẹ pa X, àyàfi tẹ́ ẹ bá ń gbé Ohio tàbí New Jersey tí wọ́n ti lò ó pẹ́ jù. Ẹ má pa K o, bó ti wù kó pariwo tó, ẹ kàn tan ohun tó ń sẹ́ ariwo mọ́tò, kẹ́ ẹ jẹ́ kí Ka wà ní ohùn tó yàtọ̀ sí K kí etí yín lè mọ̀ ọ́n láìwò ó. Ọ̀dọ̀ ẹni tí ilé iṣẹ́ fún ní àṣẹ láti tà á ni kẹ́ ẹ ti rà á, torí wáràńtì. Kẹ́ ẹ gbé e gba ọ̀nà iṣẹ́, ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì àti ọ̀nà kan tó jìnnà kí ọjọ́ ìdápadà tó pé, kẹ́ ẹ sì tọ́jú páálí ẹ̀ àti rìsíìtì títí dìgbà yẹn.